Ṣé abẹ́rẹ́ onítànṣán tí wọ́n fẹ́ gún màmá mi yóò wà lára wọn títí láé?

Obìnrin kan láti Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Ohun tó kọ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Màmá mi, ẹni ọdún 63, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún lọ́dún tó kọjá. Láti bí oṣù méjì ni ẹ̀yìn àti ìbàdí ti ń dùn wọ́n, dókítà wá ní kí a lọ ṣe skáànù egungun ní ọsibítù ńlá kan. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún wọn ní ìtànṣán nínú, technetium ni wọ́n ń pè é. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ó ń lo ohun tó lé ní igba ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó dín kù sí ìdajì. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Ìyá kan ládùúgbò wa lo oògùn onítànṣán nítorí gègé, ṣe ni wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ọmọ mi oṣù méje, ẹ̀yìn màmá mi ló ń sùn. Wọ́n sì ti sún ọjọ́ àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ kò tíì dé. Báwo ni irú ọsibítù ńlá bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní ní jẹnẹrétọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún màmá mi ní abẹ́rẹ́ yìí?”

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ̀ka àyẹ̀wò irú èyí ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń wọn oògùn náà kí ó tó wọ sírínjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó gba oorun lójú yín kúrò nílẹ̀. Ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe oògùn màmá yín ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Technetium tó ń lo nǹkan bí 211,000 ọdún kí ó tó dín kù sí ìdajì, technetium-99 ni. Èyí tí wọ́n máa gún màmá yín jẹ́ technetium-99m. Lẹ́tà m tó wà nídìí rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fò ó nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Wákàtí mẹ́fà péré ni èyí tó ní m fi ń dín kù sí ìdajì.

Ní àárín átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni kókó kan wà. Kókó technetium-99m gbé agbára tó pọ̀ ju ohun tó yẹ kó gbé lọ, kò sì lè gbé e pẹ́. Nígbà tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, agbára náà á jáde bí ìtànṣán gámà, kókó náà á sì fara balẹ̀ di technetium-99. Ọ̀pọ̀ áísótóòpù (ìyẹn oríṣi átọ̀mù) onítànṣán mìíràn máa ń ju èérún jáde láti inú kókó wọn. Àwọn èérún yìí, tí à ń pè ní áfà àti bẹ́tà, kì í rìn jìnnà nínú ara, ibi tí wọ́n bá wà ni wọ́n máa ń bà jẹ́. Technetium-99m fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní irú wọn. Gámà ló ń tú sílẹ̀, agbára gámà náà jẹ́ 140 keV (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtànṣán), kò sì jìnnà sí ti ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán X-ray. Ó lágbára tó láti gba inú ẹran ara jáde síta, síbẹ̀ kò le ju ohun tí kámẹ́rà lè gbá mú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ọwọ́ dá oògùn àyẹ̀wò kan, ohun tó máa béèrè nìyí gan-an: kí ó tàn síta kí a rí i, kí ó má ṣe ba inú jẹ́, kí ó sì tètè lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú àyẹ̀wò márùn-ún tí wọ́n ń fi oògùn onítànṣán ṣe kárí ayé, nǹkan bíi mẹ́rin ló jẹ́ technetium-99m ni wọ́n lò. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló ń gbà á lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi aago wò ó. Ká ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n gún màmá. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ìdajì ti lọ. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí aago mẹ́sàn-án tún lù, ìdá kan nínú 16. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìdá kan nínú 256. Mi ò tíì ka èyí tí wọ́n á tọ̀ dànù o. Oògùn tí egungun kò bá gbà, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì máa ń tó ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n gún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí ló jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tó wà lára màmá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kéré gan-an sí iye tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mi tẹ̀ lé e, torí àwọn aláìsàn tó fọkàn sí ọ̀rọ̀ náà máa ń bi mí. Tí 99m bá ti sọ agbára rẹ̀ kalẹ̀ tán, ṣebí technetium-99 ló dà, ṣebí òun ló ń lo 211,000 ọdún? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá wo iye rẹ̀. Tí átọ̀mù kan bá yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, becquerel kan ni à ń pè é. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń gún fún skáànù egungun àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 740 becquerel. Iye yẹn ń dẹ́rù ba èèyàn tó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo átọ̀mù technetium-99m inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọn kò tó nǹkan kan: bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni. Nígbà tí gbogbo wọn bá wá di technetium-99 tán, tí ẹnì kankan kò tilẹ̀ tọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ dànù, átọ̀mù méjì sí mẹ́ta ni yóò máa yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi àwọn tó ti yí padà kí wọ́n tó gún un kún un, ó lè tó mẹ́wàá. Ẹ fi èyí wé potassium onítànṣán tó wà nínú ara gbogbo wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, èyí tí à ń rí nínú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà. Nínú ara àgbàlagbà, iye tirẹ̀ lé ní 4,000 becquerel, kì í sì í dẹ́kun. Ohun tí technetium máa fi sílẹ̀ lára màmá kò tó ohun tí a lè wọ̀n mọ́ ti ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ, nítorí ó yí ẹ̀rù náà padà sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Áísótóòpù tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú ìtànṣán rẹ̀ sílẹ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí átọ̀mù kan pàtó tó ṣe ohunkóhun. Èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, ṣe ló ń tú gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iye átọ̀mù wọn bá dọ́gba, èyí tó kúrú ló ń tàn jù, ó sì fi ìlọ́po àràádọ́ta ọ̀kẹ́ jù ú. Nítorí náà, bí ìṣọ́ra kan bá wà tí a ní láti ṣe, ti wákàtí mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀la kò ní wàhálà, ọdún tó ń bọ̀ kò ní wàhálà, igba ẹgbẹ̀rún ọdún kò kàn yín rárá. Nígbà tí àwọn oníròyìn bá ń sọ̀rọ̀ nípa pàǹtírí riákítọ̀ (ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fọ́ átọ̀mù) tó ní technetium-99 nínú, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ìṣòro ńlá ni, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o jọ ní kìlógíráàmù, kì í ṣe ní ìdá bílíọ̀nù gíráàmù.

Ní ti ìyá àdúgbò yín tí wọ́n yà sọ́tọ̀, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ayódíìnì-131 ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ní irú àìsàn gègé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni tirẹ̀ fi ń dín kù sí ìdajì, ó ń ju bẹ́tà jáde, wọ́n sì fẹ́ kí bẹ́tà yẹn ba nǹkan jẹ́, torí kí ó lè pa ẹran ara tó ń dà á láàmú ni wọ́n ṣe fún un. Ìtọ́jú nìyẹn, àyẹ̀wò ni ti màmá yín. Technetium-99m kì í pa jẹjẹrẹ, kì í mú kí irun re, kì í fa èébì. Mo ti rí aláìsàn tó fi ìborí bo orí wá síbi skáànù, ó ti ń retí pé irun òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í já kí òun tó délé, nítorí ó ti gbọ́ “ìtànṣán”, ó sì ti rò ó mọ́ ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Bí ó ṣe wá náà ló ṣe padà sílé. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i pé ẹnì kan ti gbé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò sí ẹni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé fún un.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló kàn, èyí ò sì ní jẹ́ kí n sọ pé kò sí ohunkóhun tí ẹ máa ṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ náà, màmá yín á máa tú ìtànṣán díẹ̀ síta láti ara wọn. Kì í ṣe pé ìtànṣán náà máa ran ọmọ bí àrùn ṣe ń ran ni, kì í sì í dúró sára ẹni tó bá tàn sí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ó ṣe súnmọ́ wọn tó àti bí ó ṣe pẹ́ lára wọn tó. Tí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ohun tó ń kàn yín á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n, tó sùn sẹ́yìn fún wákàtí mẹ́ta, kò sí bí ó ṣe lè súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ náà àti ní òru rẹ̀, kí ẹlòmíràn pọ̀n ọmọ, kí ó sì sùn sí yàrá mìíràn. Wọ́n lè kí i, wọ́n lè gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá ń sunkún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n pọ̀n ọmọ ọmọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn, ẹ lè bá wọn jẹun, ẹ lè bá wọn jókòó nínú mọ́tò padà wá sí Òṣogbo, ẹ sì lè máa fún ọmọ yín lọ́mú nìṣó, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n gún. Àmọ́ tí ẹ bá wà nínú oyún lọ́wọ́, ẹ sọ fún wọn níbẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ̀ lé màmá wọlé. Ní ti ìtọ̀, kí màmá jókòó tọ̀, kí wọ́n da omi tó pọ̀ sí i, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó tán. Ẹ má dáná sun aṣọ kankan.

Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní kò tíì dé kì í ṣe ẹ̀rọ amúnáwá. Ó yẹ kí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ti ṣàlàyé, torí kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀. Ohun èlò kan ni, tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbé àmọ́ tó wúwo gan-an nítorí òjé tí wọ́n fi bò ó nínú. Ní àárín òjé yìí ni ọ̀pá gíláàsì kékeré kan wà tí wọ́n ro lúbúlúbú alumina sí, molybdenum-99 sì lẹ̀ mọ́ lúbúlúbú náà. Molybdenum-99 yìí ni ìyá technetium-99m. Wákàtí 66 ló fi ń dín kù sí ìdajì, bó sì ṣe ń dín kù ló ń bí technetium-99m sínú ọ̀pá náà. Tí a bá fa omi iyọ̀ gba inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dírípù, technetium á bá omi jáde, molybdenum á jókòó síbi tó wà. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà, màlúù ni à ń pè é, a sì máa ń sọ pé à ń fún wàrà. Ẹ fún un láàárọ̀, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmú rẹ̀ á tún ti kún. Walter Tucker àti Margaret Greene ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Brookhaven, Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1950. Bí kò bá sí i ni, kò sí bí oògùn tó ń dín kù sí ìdajì ní wákàtí mẹ́fà ṣe lè kúrò ní orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ìyá la ń gbé wọ bàálù, ilé ìwòsàn ni a ti ń gba ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìyá náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́, molybdenum-99 ń pàdánù nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá pé, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Mo ti rí i tí ọ̀kan há sí pápákọ̀ òfuurufú nígbà ìsinmi, nítorí ìwé tí kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí. Ìgbà tí ó fi máa dé ọwọ́ wa, wàrà inú rẹ̀ kò tó àwọn aláìsàn tí a ti pè, a sì ní láti yan àwọn tó lè dúró àti àwọn tí kò lè dúró. Owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ kò yí padà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó jí nǹkan, kò sí ohun tó bàjẹ́, àkókò ló kàn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn aláìsàn jọ sí ọjọ́ kan náà, tí ọjọ́ náà sì lè yẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò ṣe é nílé. Inú riákítọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ molybdenum-99 ti ń wá: wọ́n á fi uranium sáàárín neutron (èérún kan tó ń wá láti inú kókó átọ̀mù), uranium á fọ́, nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́ irú bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mẹ́fà á bí molybdenum-99. Ìwọ̀nba riákítọ̀ díẹ̀ ló ń ṣe é fún gbogbo ayé. Petten wà ní Netherlands, Mol wà ní Belgium, Poland, Czech àti Ọsirélíà ní tiwọn, nílẹ̀ Áfíríkà sì ni SAFARI-1 wà ní Pelindaba, nítòsí Pretoria. Agbára SAFARI-1 jẹ́ 20 megawatt. Nàìjíríà ní riákítọ̀ kan ní Zaria, ní yunifásítì Ahmadu Bello, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀, òkúta àti oúnjẹ wò, ṣùgbọ́n nǹkan bí 30 kilowatt ni agbára rẹ̀, ìyẹn kò sì lè bọ́ ẹ̀ka àyẹ̀wò kan. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ọwọ́ máa ń tẹ̀. Nígbà tí riákítọ̀ Chalk River ní Kánádà jò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ó lé ní ọdún kan kí ó tó ṣiṣẹ́ padà. Ti Petten náà tún dúró fún àtúnṣe láàárín ọdún 2010. Àwọn ọsibítù ńláńlá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń sún ọjọ́ aláìsàn síwájú bí wọ́n ṣe sún ti màmá yín yìí.

Ẹ kò ní rí technetium wà nínú ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wa góòlù tàbí òjé. Ipò kẹtàlélógójì nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ńtì ni tirẹ̀, ipò náà sì ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí gbogbo èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ ayé ti yí padà tán. Ọdún 1937 ni Carlo Perrier àti Emilio Segrè rí i ní Palermo, ní Ítálì, lára irin molybdenum kan tó ti gba ìtànṣán nínú cyclotron (ẹ̀rọ tó ń mú èérún átọ̀mù sáré gan-an) ti Ernest Lawrence ní Berkeley. Ẹ́límẹ́ńtì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ èèyàn dá nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Segrè àti Glenn Seaborg rí 99m. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń rò pé ohun tí wọ́n wà jáde láti ibi àdó olóró ni. Ó ti wà kí àdó olóró tó wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ màmá. Technetium nìkan kò mọ ọ̀nà egungun. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ oògùn kan tó ń jẹ́ MDP, èyí tó jọ fosfate tí egungun fi ń kọ́ ara rẹ̀. Ibi tí egungun bá ti ń kọ́ ara rẹ̀ kíkankíkan ni MDP máa ń lẹ̀ mọ́ jù, technetium á sì bá a débẹ̀. Tó bá jẹ́ kíndìnrín ni wọ́n fẹ́ wò, tàbí ọkàn, oògùn mìíràn ni wọ́n á dà á pọ̀ mọ́. Iṣan apá ni wọ́n máa gún, kò ju ti abẹ́rẹ́ lásán lọ. Lẹ́yìn náà, màmá á dúró fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin, wọ́n á máa mu omi dáadáa, wọ́n á máa tọ̀, kí èyí tí egungun kò gbà lè jáde, kí àwòrán lè mọ́. Kámẹ́rà gámà á wá kọjá lórí wọn bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Kámẹ́rà náà kì í tú ìtànṣán kankan sílẹ̀, ara màmá ni ìtànṣán ti ń wá, kámẹ́rà ń gbà á ni.

Ohun tí skáànù yìí lè ṣe dáadáa ni pé ó ń wo gbogbo egungun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń rí ìyọnu kí X-ray tó rí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú oṣù mélòó kan. Lórí X-ray, ó lè tó kí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún egungun ibì kan ti jẹ kí ó tó hàn. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kò lè sọ orúkọ ohun tó rí. Ibi tó bá dúdú lórí àwòrán lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ti tàn dé egungun, ó sì lè jẹ́ làkúrègbé, tàbí ibi tí wọ́n ti ṣubú ní ọdún méjì sẹ́yìn, tàbí eyín tó ń rà. Obìnrin ẹni ọdún 63 tí ẹ̀yìn ń dùn, ó ṣòro kí àwòrán rẹ̀ má ní ibi tó dúdú díẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àmì dúdú níbì kan, kí ọkàn yín má ṣe já. Dókítà lè ní kí wọ́n fi CT tàbí MRI wo ibẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun.

Ṣé ẹ lè lọ ṣe MRI tààrà kí ẹ yẹra fún ìtànṣán? Ẹ lè ṣe é, MRI kò ní ìtànṣán rárá, ó sì ń rí inú egungun dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ní kó wò ló sábà máa ń wò, kí wọ́n fi wo gbogbo ara gbówó lórí gan-an. CT rọrùn láti rí, àmọ́ ìtànṣán ti CT inú àti ìbàdí sábà máa ń ju ti skáànù egungun yìí lọ. Skáànù PET tó ń lo fluorine-18 tún dára jù fún àwọn jẹjẹrẹ kan, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 110 ni fluorine-18 fi ń dín kù sí ìdajì, kò sì ní jẹnẹrétọ̀ tí èèyàn lè gbé wọ bàálù. Cyclotron gbọ́dọ̀ wà nítòsí, owó rẹ̀ sì ga. Nínú ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tí egungun sì ń dùn, technetium ni màá kọ́kọ́ yàn.

Mi ò ní sọ fún yín pé ewu rẹ̀ jẹ́ òdo. Ìtànṣán tí ara màmá máa gbà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi millisievert 4 (òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà). Ìtànṣán tó ń bá èèyàn láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òfuurufú lọ́dún kan, millisievert 2.4 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ kárí ayé. Ó tó ìtànṣán ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn, tí wọ́n gbà ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìlànà tí a fi ń dáàbò bo èèyàn ni pé ìtànṣán kankan, bó ti wù kó kéré tó, kí a kà á sí pé ó lè fi ewu díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Fún ọmọdé tàbí aboyún, màá rò ó dáadáa, màá béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Fún màmá yín, ewu tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé jẹjẹrẹ lè ti dé ọ̀pá ẹ̀yìn, kí a má mọ̀, kí egungun ibẹ̀ sì wó lulẹ̀, kí wọ́n má lè rìn mọ́. Tí wọ́n bá tètè mọ̀, oògùn wà, ìtọ́jú wà. Mi ò rí fáìlì wọn, dókítà tó ń tọ́jú wọn ló rí i, òun ló sì lè sọ bóyá àyẹ̀wò náà yẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ìtànṣán nìkan ló ń dá yín dúró, ìyá tèmi ni, màá gbé wọn lọ.

Tí wọ́n bá pè yín pé jẹnẹrétọ̀ ti dé, ẹ má ṣe dá ọjọ́ mìíràn, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dájú. Ẹ ti Òṣogbo gbéra ní kùtùkùtù, tí ẹ bá sì rí i pé ẹ máa pẹ́, ẹ fi fóònù sọ fún wọn kí wọ́n lè wọn oògùn náà bí ó ṣe yẹ. Màmá lè jẹun àárọ̀ wọn, wọ́n sì lè lo oògùn wọn, àfi tí ọsibítù bá ní kí wọ́n má lò ó. Tí ìrìn àjò òkè òkun bá wà fún wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọsibítù, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán ní pápákọ̀ òfuurufú lè ké. Ẹ kó gbogbo X-ray àtijọ́ àti ìwé iṣẹ́ abẹ wọn dání. Kí màmá jókòó kí wọ́n ronú, kí wọ́n sì sọ fún dókítà tó máa ka àwòrán náà ibi gbogbo tí wọ́n ti ṣubú rí, eegun tó ti dá rí, àti eyín tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n má baà lọ pe orúnkún tó ti gbá ilẹ̀ nígbà kan rí ní jẹjẹrẹ.